Ẹni Tó Máa Ṣí I Lẹ́yìn Wa

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tó wà nídìí ṣọ́ọ̀bù gìtá kan, ẹ fi gìtá tuntun tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri sílẹ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè irú gúlúù tí wọ́n ń lò. Ẹni tó fi súpà-gúlúù lẹ bíríjì (igi tí okùn so mọ́ lójú gìtá) tó ṣí, owó tó máa wọlé lónìí nìkan ló ń rò. Ẹni tó ń lo gúlúù awọ, èyí tí wọ́n ń sè láti ara awọ màlúù, ti mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ẹlòmíì ṣì máa ṣí ojú ibẹ̀. Ooru díẹ̀ àti omi díẹ̀ ni onítọ̀hún máa fi tú u, igi ò ní fà ya, iṣẹ́ kan ò sì ní di méjì. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ń tún gìtá ṣe àti ẹni tó kàn ń lẹ nǹkan pọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kì í sábà gbà ju èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ọ̀kan mọ iṣẹ́ igi, ọ̀kan mọ wáyà, ọ̀kan mọ gìtá ta débi pé etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí oníbàárà ò lè ṣàlàyé. Ọmọ iṣẹ́ á wà níbẹ̀ tó ń gbálẹ̀, tó ń tú okùn, tó sì ń wòye. Ẹni tó mọ iṣẹ́ igi sábà máa ń ti ìdí káfíńtà wá, ẹni tó mọ wáyà á sì ti ìdí rédíò wá. Ọ̀nà méjèèjì ti pẹ́ láyé. Antonio de Torres, ará Almería ní Sípéènì tí wọ́n bí ní 1817, iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí kan gìtá, bó sì ṣe tò ó ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé tí wọ́n bá ń kan gìtá olókùn ọ̀rá títí dòní. Leo Fender ní tiẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rédíò ló ṣí ní Fullerton ní Kalifọ́níà ní 1938. Kò mọ gìtá ta. Àwọn olórin ló ń bá a gbé ohun tó bá ṣe lọ sóde eré, tí wọ́n á wá sọ ibi tó kù sí fún un. Gìtá oníná tó gbé jáde ní 1950, wọn ò fi gúlúù lẹ ọrùn rẹ̀ rárá, skúrù mẹ́rin ló dè é mọ́ ara. Ẹni tó ti ń tún nǹkan ṣe tipẹ́ ló máa ń ronú báyẹn: ọrùn bà jẹ́, tú skúrù mẹ́rin, fi òmíràn sí i, kí olórin máa lọ.

Orísun méjì péré ni ọ̀pọ̀ àìsàn gìtá ní: bí okùn ṣe ń fà á, àti omi tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ìyókù ò ju ìṣubú àti ìpata lọ. Gìtá onígi olókùn irin mẹ́fà tí okùn rẹ̀ tó tínrín jù nípọn tó íǹṣì .012, nǹkan bíi kílò 73 ló ń fà nígbà tó bá ti wà lójú ohùn. Olókùn ọ̀rá wà ní nǹkan bíi 40. Gìtá oníná pẹ̀lú okùn .010 wà ní bíi 46. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá bá ra olókùn ọ̀rá, tó ní kò dún tó, tó sì lọ fi wáyà sí i. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ẹrù náà di ìlọ́po méjì lórí pátákó tí kò nípọn ju mìlímítà 2.5 lọ. Kò ní pẹ́ tí ikùn rẹ̀ á fi wú lẹ́yìn bíríjì, tí á rì níwájú, tàbí kí bíríjì fúnra rẹ̀ já kúrò lóru, kí gbogbo ilé jí. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó ni, kó wo orí gìtá náà: bí wọ́n bá gbẹ́ ihò gbọọrọ méjì síbẹ̀ tí okùn ń wé mọ́ ọ̀pá funfun nínú rẹ̀, okùn ọ̀rá ló wà fún.

Bíríjì tó ṣí wà lára iṣẹ́ tó ń wọlé jù, iṣẹ́ yìí náà ni a fi ń mọ ọwọ́ ẹni. A kọ́kọ́ máa ń mú ìwé tínrín kan, a ó sì gbìyànjú láti tì í bọ abẹ́ ẹ̀yìn bíríjì. Bí ìwé bá wọlé ju mìlímítà méjì lọ, ó ti ń ṣí, kò sì ní dúró níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi abẹ́rẹ́ fa gúlúù sí abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ̀tàn ni, nítorí ọ̀pọ̀ gúlúù tuntun kì í mú orí gúlúù àtijọ́ dáadáa. Ó di dandan kó jáde pátápátá. A ó gé páálí tó bá ìrísí bíríjì mu, a ó fi fọ́ìlì wé e, a ó fi bo ojú gìtá yí i ká kí ooru má bàa hó ọ̀dà, a ó wá gbé irin gbígbóná lé orí bíríjì títí ooru á fi dé ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí kò mú á bẹ̀rẹ̀ sí wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba gìtá jẹ́ nìyí. Fọ́nrán igi spruce tí wọ́n fi ń ṣe ojú gìtá kì í dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó máa ń dagun díẹ̀ wọlé tàbí jáde. Ọ̀bẹ tó bá wọlé lòdì sí ìdagun yẹn, abẹ́ fọ́nrán ló máa gbà, á sì máa bó pátákó lọ. Nígbà tó sì jẹ́ pé pátákó kan ni wọ́n là sí méjì kí wọ́n tó fi pọ̀, ìhà ọ̀tún lè fẹ́ kí ẹ ti iwájú wọlé, kí ti òsì fẹ́ kí ẹ gba ẹ̀yìn. Bí ọ̀bẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé fọ́nrán, ẹ fà á jáde, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì. Kò sí agbára tí ẹ lè lò tó máa rọ́pò èyí.

Bó bá ti jáde, gúlúù àtijọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lójú méjèèjì títí igi á fi hàn. Lórí gìtá olówó pọ́ọ́kú, a sábà máa ń rí i pé ilé iṣẹ́ ò ha ọ̀dà kúrò dé etí bíríjì. Mìlímítà méjì sí mẹ́ta yí i ká, orí ọ̀dà ni gúlúù wà, kò kan igi rárá. Ìdí nìyẹn tó fi ṣí, kì í ṣe pé ẹni tó ni ín ò ṣìkẹ́ rẹ̀. Ìdí bíríjì tún gbọ́dọ̀ bá ojú gìtá mu, torí ojú yẹn kì í tẹ́jú, ó yọ sókè díẹ̀ láàárín. Bí a bá fi kíláàmpù fipá mú ìdí tó tẹ́jú mọ́ ọn, ọjọ́ tí a tú kíláàmpù ló ti ń wá ọ̀nà àtiṣí.

Gúlúù awọ máa ń wá ní hóró. A ó rẹ ẹ́ sínú omi tútù títí á fi wú, a ó gbé e sínú ìkòkò kékeré tó jókòó sínú omi gbígbóná, kí ó wà ní nǹkan bíi 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá hó, agbára rẹ̀ ti lọ. Láàárín ìgbà tí a bá fi í sí i àti ìgbà tó máa dì, kò pé ìṣẹ́jú kan, nítorí náà a máa ń dán gbogbo kíláàmpù wò láìsí gúlúù, a ó mú kí igi méjèèjì lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó sì gbé igi ìtìlẹ́yìn sí abẹ́ ojú gìtá láti inú. Kíláàmpù mẹ́ta ló ń gba ihò gìtá wọlé. Ó di ọjọ́ kejì kí a tó tú u, ó sì tún di ọjọ́ kẹta kí okùn tó padà sórí rẹ̀. Gúlúù funfun àwọn káfíńtà náà ṣeé lò, ooru sì ń tú òun náà, àmọ́ ó máa ń rọ̀ jù. Gìtá tí wọ́n tì mọ́ bùútù ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú okùn tó fà le, bíríjì rẹ̀ lè yọ́ kúrò ní àyè rẹ̀ láìjá. A kò sọ pé súpà-gúlúù ò wúlò o. Bí ọ̀dà bá ṣá, tàbí kí etí fírẹ́ẹ̀tì (irin tínrín tó dábùú ọrùn gìtá) ṣí, kò sí èyí tó dà bí i. Kó má ṣá ti wọ ibi tí okùn ń fà.

Ọ̀rọ̀ omi inú afẹ́fẹ́ ni àwọn oníbàárà kì í gbà gbọ́. Gìtá fẹ́ kí omi inú afẹ́fẹ́ wà láàárín 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Èkó nígbà òjò, ó máa ń kọjá 80. Bí ọyẹ́ bá sì mú ní òkè Ọ̀yọ́, ó lè já wá sí 20. Igi kì í gùn, kì í kúrú. Ẹ̀gbẹ́ ló ń wú, ẹ̀gbẹ́ ló sì ń fún. Nígbà òjò ikùn gìtá á gòkè, okùn á jìnnà sí fírẹ́ẹ̀tì, ìka á máa dun olórin. Nígbà ọyẹ́ ikùn á rì, okùn á máa jan fírẹ́ẹ̀tì, orí fírẹ́ẹ̀tì á yọ létí ọrùn títí á fi máa ya ọwọ́, nígbà míì ojú gìtá á sì sán láti bíríjì dé ìsàlẹ̀. Gìtá kan náà ni, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ti ṣọ́ọ̀ṣì tún burú sí i: ẹ̀rọ amúlétutù á gbẹ gbogbo afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ ìsìn, wọ́n á pa á, afẹ́fẹ́ òjò á wọlé fún ọjọ́ mẹ́fà.

Igi tó sán nígbà ọyẹ́, ẹ má tètè lẹ̀ ẹ́. Tí a bá fi kíláàmpù fà á pọ̀ nígbà tó gbẹ, ibòmíì ló máa sán sí. A máa ń gbé gìtá sínú àpótí rẹ̀ pẹ̀lú kànìnkànìn tó tutù nínú ike tí a lu sí wẹ́wẹ́, fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje, títí ojú ibẹ̀ á fi pa dé fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ni gúlúù ń wọlé. Láti inú, a ó lẹ ègé spruce kéékèèké tó nípọn tó mìlímítà méjì mọ́ abẹ́ ibẹ̀, kí fọ́nrán tiwọn dábùú fọ́nrán ojú gìtá. Bí èèyàn ò bá lo dígí láti wò wọ́n, kò ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń wo okùn àti fírẹ́ẹ̀tì ní ètò tirẹ̀ tí kì í yí padà, nítorí ohun kan ń gbé ìkejì. Ọrùn ni ó kọ́kọ́ ń wò. Á tẹ okùn mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìíní, á tún tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ara, á wá wo àlàfo tó wà lókè fírẹ́ẹ̀tì keje. Mìlímítà 0.2 sí 0.3 ló dára. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọrùn ti tẹ̀ síwájú. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ó ti tẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀pá irin inú ọrùn ló ń tún èyí ṣe. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ gìtá Gibson kan, Thaddeus McHugh, ló gba ìwé àṣẹ irú rẹ̀ tó ṣeé yí ní 1923. Ilé iṣẹ́ Martin, tó ti ń kan gìtá ní Amẹ́ríkà láti 1833 tí ẹni tó dá a sílẹ̀ ti Jámánì dé, kò fi èyí tó ṣeé yí sínú gìtá rẹ̀ títí di 1985. Nítorí náà, kò sí kókó kankan láti yí nínú Martin àtijọ́, ẹ má wulẹ̀ wá a. Ìdámẹ́rin yíyí ni a ń yí lẹ́ẹ̀kan, kí a tún fa okùn sí ohùn, kí a wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ń fi kọ́kọ́rọ́ tí kò bá a mu yí i, tí wọ́n fi ti íǹṣì wọ inú ti mìlímítà, ló ń bó ẹnu rẹ̀. Gbígbà á jáde lẹ́yìn náà lè ná èèyàn ju owó gìtá lọ.

Lẹ́yìn ọrùn ló kan nọ́ọ̀tì, eegun kékeré tí okùn ń gbà kọjá lórí. Ẹ tẹ okùn láàárín fírẹ́ẹ̀tì kejì sí ìkẹta: àlàfo tó kù lórí ti kìíní kò gbọ́dọ̀ ju ìwé kan lọ. Bí ihò nọ́ọ̀tì bá ga, kọ́ọ̀dù ìbẹ̀rẹ̀ ọrùn á máa dún lókè ohùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa rò pé ìka àwọn ló le. Sádù, eegun tínrín tí okùn ń gbà kọjá lórí bíríjì, ló kẹ́yìn: ní fírẹ́ẹ̀tì 12, okùn tó nípọn jù á ga tó mìlímítà 2.4, tó tínrín jù á wà ní 1.8. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fáìlì sádù kó tó wo ọrùn ti dín ohun tí kò ṣeé dá padà.

Nígbà míì sádù ti lọ sílẹ̀ tán, okùn ṣì ga. Ẹ gbé igi tó tọ́ lé orí àwọn fírẹ́ẹ̀tì, kí orí rẹ̀ dé bíríjì. Ó yẹ kó bọ́ sí orí bíríjì gẹ́lẹ́. Bó bá forí sọ iwájú bíríjì, ara gìtá ti ká síwájú lábẹ́ ẹrù ọ̀pọ̀ ọdún, ọrùn gbọ́dọ̀ jáde. A ó yọ fírẹ́ẹ̀tì 15, a ó lu ihò kékeré sí ojú rẹ̀, a ó fi ọ̀pá oníhò tínrín kan fẹ́ ooru omi gbígbóná wọnú oríkèé náà títí gúlúù á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó gé díẹ̀díẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọrùn. Ohun tí a ń gé kì í sábà tó mìlímítà méjì, àmọ́ ó lè gba odidi ọjọ́ kan. Iṣẹ́ yìí ló ń fi hàn ẹni tó ronú nípa wa: níbi tí wọ́n ti lo gúlúù awọ, ọrùn á jáde láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Níbi tí káfíńtà kan ti da gúlúù epóksì sí, ayùn ló kù. Nínú gìtá tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a máa ń fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́, irú gúlúù, àti ìwọ̀n tí a gé sára igi tó di ọrùn mú.

Ọwọ́ oníwáyà ni àwọn olórin wa ti mọ̀ jù. Láti 1949 tí Àyìndé Bákàrè ti mú gìtá oníná wọ jùjú, ariwo híhun ti di ara iṣẹ́. Èyí tí kì í dín kù nígbà tí èèyàn bá fọwọ́ kan okùn, àmọ́ tó ń dákẹ́ bó bá fọwọ́ kan irin ẹnu kéébù, kò sí nínú áńpílífáyà: wáyà ilẹ̀ tó lọ sí bíríjì ló ti já tàbí tó pata. Èyí tó ń hó tí wọ́n bá yí bọ́tìnnì ohùn, ìdọ̀tí ló wà nínú rẹ̀, èròjà ìfọ̀ díẹ̀ sì ti tó. Bí bọ́tìnnì bá wá gbó, 250 kílóómù ni ti píkọ́ọ̀pù (ohun tó ń gba ohùn okùn sínú wáyà) oníkọ́ìlì kan, 500 sì ni ti oníkọ́ìlì méjì. Ẹ̀ṣì wọn á mú kí ohùn mú jù tàbí kó ṣú. Gìtá onígi tó ní bátìrì inú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń bí wa nínú díẹ̀: kéébù tí wọ́n tì bọ̀ ọ́ gan-an ló ń tan iná rẹ̀. Ẹ fi kéébù sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, bátìrì 9 fóòtì ti tán, wọ́n á sì ní píkọ́ọ̀pù ti jó.

Nínú ẹgbẹ́ jùjú tí gìtá mẹ́ta sí mẹ́rin ń bá ara wọn fèsì, ohùn tó yẹ̀ díẹ̀ ń hàn ju ti ẹni tó ń dá ta lọ. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì 12, kí ẹ sì wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ti títẹ̀ bá ga jù, ẹ fa sádù sẹ́yìn. Bó bá rẹlẹ̀, ẹ tì í síwájú.

Tí a bá wá kan tuntun, ohun tí àtúnṣe ti kọ́ wa la ń lò. Igi pọ̀ nílẹ̀ wa ju bí a ṣe ń sọ lọ. Ọ̀gànwó dára fún ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn. Afàrà ni igi tí Gibson fi ṣe gìtá oníná Flying V àti Explorer ní 1958, lábẹ́ orúkọ kòrínà. Arère fúyẹ́, ó sì tó fún ara gìtá oníná. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tútù ni wọ́n ń tà á lọ́jà pákó. A máa ń gbé e sórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó sì kọ iye rẹ̀ sí ara rẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n náà ò bá yí padà mọ́ la tó gé e. Fún fírẹ́ẹ̀tì, ẹ pín gígùn okùn sí 17.817. Bí okùn bá gùn ní mìlímítà 648, fírẹ́ẹ̀tì kìíní wà ní 36.37. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún pín 611.63 tó kù, ìkejì jìnnà sí i ní 34.33. Nígbà tí ẹ bá dé 12, ẹ gbọ́dọ̀ wà ní 324 gẹ́lẹ́. Àmọ́ láti nọ́ọ̀tì ni kí ẹ ti máa wọn gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń wọ̀n láti ọ̀kan dé ìkejì, àṣìṣe kékeré á máa gun orí ara wọn.

Iṣẹ́ kan wà tí a kì í gbà. Gìtá tí iye àtúnṣe rẹ̀ ju iye tí wọ́n rà á lọ, a máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà kó tó jókòó. Àwọn kan á bínú, wọ́n á gbé e lọ síbòmíì. Àwọn míì á fi í sílẹ̀ fún wa. A ó tú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀ àti wáyà rẹ̀ pamọ́, ìyókù á di ti àwọn ọmọ iṣẹ́. Orí irú wọn ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ bíríjì, ọmọ iṣẹ́ tí kò bá sì tíì yọ mẹ́ta léra tí fọ́nrán igi kankan ò bá a jáde, kò ní fọwọ́ kan ti oníbàárà.